Ọbalùfọ̀n Aláyémọrẹ: Ọba Onídẹ Ilé-Ifẹ̀

Lọ́sẹ̀ yìí, a fẹ́ sọ ìtàn ọba ńlá kan tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn àgbà wa, ṣùgbọ́n tí àwọn ọmọ tí a bí sí ibí kò mọ̀ dáadáa. Ọba náà ni Ọbalùfọ̀n Aláyémọrẹ, Ọọ̀ni Ilé-Ifẹ̀, tí àwọn onímọ̀ fi àsìkò rẹ̀ sí nǹkan bí ọdún 1300.

Ohun tí ó mú wa rántí rẹ̀ ni àríyànjiyàn tí ó máa ń wáyé láàrin àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń ṣe wẹ́dà, àwọn tí ń kan fèrèsé àlùmíníọ̀mù, àti àwọn tí ń ra àlòkù irin. Èwo ló lágbára jù nínú irin, idẹ, bàbà àti òjé? Àwọn kan ní irin ni, torí pé kò sí ẹni tí kì í lo ohun Ògún. Àwọn mìíràn ní idẹ ni, torí pé idẹ kì í dípẹtà. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Ọbalùfọ̀n yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bí wọ́n ti ń jà á lọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdílé rẹ̀. Nínú orúkọ àwọn Ọọ̀ni bí wọ́n ṣe ń kà á ní Ifẹ̀, Odùduwà ni ó ṣáájú, Ọ̀ṣángangan Ọbamákin tẹ̀lé e, Ògún tẹ̀lé ìyẹn, lẹ́yìn náà ni Ọbalùfọ̀n Ògbógbódirin, bàbá ọba tí à ń sọ ìtàn rẹ̀ yìí. Ẹ fetí sí orúkọ bàbá náà dáadáa. Ẹni tí ó gbó, tí ó gbó títí tí ó fi di irin. Wọ́n ní ó pẹ́ láyé púpọ̀. Nítorí náà, inú agbo irin ni wọ́n bí Aláyémọrẹ sí: Ògún fúnra rẹ̀ wà níwájú, bàbá tí ó di irin sì tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n irin kọ́ ni ọmọ náà fi ṣe orúkọ láyé.

Nígbà tí Ògbógbódirin wàjà, Aláyémọrẹ gorí oyè. Kò pẹ́ púpọ̀ tí Ọ̀rànmíyàn, akọni ọmọ Odùduwà, fi padà sí Ifẹ̀. Gbogbo wa mọ Ọ̀rànmíyàn. Òun ni ó lọ sí Benin tí ọmọ rẹ̀ Eweka fi jọba níbẹ̀, òun náà ni ó tẹ Ọ̀yọ́ dó. Jagunjagun ni, ẹni idà àti ọ̀kọ̀. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé ó gba ìtẹ́ lọ́wọ́ Aláyémọrẹ, ọba náà sì kó àwọn èèyàn rẹ̀, ó jáde kúrò nílùú bàbá rẹ̀.

Ibi tí ó forí lé ni ilẹ̀ Èkìtì, láàrin àwọn òkè, níbi tí a ń pè ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lónìí. Aláayè ni oyè ọba ìlú náà títí di òní, ọ̀dọ̀ Ọbalùfọ̀n Aláyémọrẹ sì ni wọ́n ti ń ka ìran wọn. Àwa tí a wà ní Enugu yẹ kí a ronú sí èyí. Orúkọ ìlú tí a ń gbé yìí túmọ̀ sí orí òkè ní èdè àwọn onílẹ̀. Ọba Ifẹ̀ kan ti ṣe àlejò lórí òkè kí àwọn bàbá wa tó bá iṣẹ́ rélùwéè àti iṣẹ́ kóòlù dé ibí. Àjèjì ni ó jẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò jókòó máa sunkún ilé. Ó kọ́ ilé, ó bímọ, ìlú sì dúró.

Lẹ́yìn Ọ̀rànmíyàn, àwọn ará Ifẹ̀ ránṣẹ́ sí Aláyémọrẹ pé kí ó padà wá sórí ìtẹ́. Ó fi àwọn ọmọ rẹ̀ kan sílẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n, ó sì padà. Ìlú tí ó bá kò tòrò. Ìjà ti pẹ́ láàrin àwọn tí wọ́n ti wà ní Ifẹ̀ kí Odùduwà tó dé, tí wọ́n ń tẹ̀lé Ọbàtálá, àti àwọn ará ilé Odùduwà. Ohun tí ìtàn rántí Aláyémọrẹ fún ni pé ó pa iná ìjà náà, tí onílé àti àlejò sì wá wà lábẹ́ ọba kan. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di òrìṣà. Aṣọ híhun, ìlẹ̀kẹ̀ àti idẹ dídá ni wọ́n kà sí iṣẹ́ ọwọ́ tí ó fẹ́ràn.

Bí ẹ bá dé Ifẹ̀, ẹ ó rí ohun ìrántí ọba méjèèjì. Ti Ọ̀rànmíyàn ni Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, òkúta tí ó ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 18, tí wọ́n kan ìṣó irin mọ́ lára. Ti Aláyémọrẹ ni ojú kan tí wọ́n fi bàbà dá, tí ó tóbi tó ojú èèyàn gan-an. Wọ́n la ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ ẹyinjú rẹ̀ kí ẹni tí ó bá gbé e wọ̀ lè ríran, wọ́n sì lu ihò wẹ́wẹ́ yí i ká níbi tí irun àti irùngbọ̀n yẹ kí ó wà. Ní 1938, nígbà tí àwọn kan ń walẹ̀ láti kọ́lé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, wọ́n hú orí idẹ tí ó ju mẹ́wàá lọ jáde. Ti Ọbalùfọ̀n kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn kò sin ín rí. Ààfin ni ó wà láti ìrandíran kí ó tó dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ kan àríyànjiyàn àwọn ọ̀dọ́ wa. Nínú àwọn orí Ifẹ̀, púpọ̀ jẹ́ idẹ, ìyẹn bàbà tí wọ́n lú pọ̀ mọ́ síńkì, tí òjé sì wà nínú rẹ̀. Ojú Ọbalùfọ̀n jẹ́ bàbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àdàlù rárá. Ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ yìí rí lè rò pé ohun kékeré ni. Alágbẹ̀dẹ á mi orí.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ṣe é ni pé wọ́n á fi ìda oyin mọ ojú náà lé orí amọ̀. Wọ́n á tún fi amọ̀ bò ó, wọ́n á gbé e sínú iná. Ìda á yọ́, á ṣàn jáde, á fi àyè sílẹ̀. Inú àyè náà ni wọ́n á da idẹ gbígbóná sí. Idẹ kì í da alágbẹ̀dẹ láàmú púpọ̀. Kò nílò tó 1,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí ó tó yọ́, ó sì máa ń ṣàn wọ gbogbo kọ̀rọ̀. Bàbà nìkan nílò nǹkan bí 1,085, omi híhó sì rèé, 100 péré ni. Lẹ́yìn náà, bàbà máa ń fa afẹ́fẹ́ mu bí ó bá yọ́, bí ó bá sì ń tutù, afẹ́fẹ́ náà á máa jáde, á dá ihò sí i lára. Kì í tètè ṣàn, ó sì tètè máa ń dì. Àwọn tí wọ́n fi ẹwìrì àti èédú ṣe ojú Ọbalùfọ̀n láìsí àbàwọ́n, ọ̀gá ni wọ́n nínú iṣẹ́ náà. Ohun tí ó le jù ni wọ́n fi bu ọlá fún ọba wọn.

Ṣé bàbà wá lágbára ju idẹ lọ ni? Rárá. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ lọ́nà tí gbogbo èèyàn yóò fi yé. Ká ní a fa wáyà tín-ín-rín kan tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ mílímítà kan níbùú àti lóòró, tí a sì so ẹrù kọ́ ọ títí tí yóò fi já. Bí ó bá jẹ́ òjé, kò lè gbé kílò méjì. Àlùmíníọ̀mù tí kò ní àdàlù á gbé nǹkan bí kílò mẹ́jọ. Bàbà rírọ̀ á gbé nǹkan bí 20, idẹ á lé ní 30, irin líle tí a ń lò fún iṣẹ́ wẹ́dà á sì gbé nǹkan bí 40, tí kò ju kílò mẹ́wàá lọ kí ó tó àpò sìmẹ́ńtì kan.

Kí ló fà á tí àdàlù fi máa ń le ju ohun kan ṣoṣo lọ? Ẹ wo ọsàn tí wọ́n tò sínú apẹ̀rẹ̀ ní ìlà-ìlà. Bí gbogbo rẹ̀ bá tóbi bákan náà, ìlà kan lè yọ̀ lórí èkejì. Ṣùgbọ́n bí a bá fi òroǹbó kéékèèké àti àgbọn díẹ̀ há a láàrin, kò ní lè yọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni síńkì ṣe ń há bàbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni èédú díẹ̀ tí ó wọ inú irin ṣe ń sọ ọ́ di irin líle. Ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n. Bí èédú inú irin kò bá tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, a ó rí ohun tí a lè fi ṣe rọ́ọ̀dù tàbí àdá. Bí ó bá ju ìdá méjì lọ, irin náà á le, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣubú lulẹ̀, ó lè fọ́ bí ìkòkò.

Àwọn onílẹ̀ tí a wà lọ́dọ̀ wọn mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́. Ní 1938 kan náà, Isaiah Anozie ń gbẹ́ ilẹ̀ ní ilé rẹ̀ ní Igbo-Ukwu, ó bá ohun èlò idẹ pàdé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw wá walẹ̀ níbẹ̀ láti 1959, wọ́n sì rí i pé iṣẹ́ náà ti wà láti nǹkan bí ọdún 800 sí 900, ìyẹn ṣáájú Ọbalùfọ̀n. Ohun tí àwọn ará Igbo-Ukwu fẹ́ fi òòlù lù, tí wọ́n sì fẹ́ lọ́, bàbà ni wọ́n fi ṣe é, torí pé ó rọ̀. Èyí tí wọ́n fẹ́ dà sínú amọ̀, wọ́n lú tánńganran àti òjé mọ́ ọn. Ní Lejja, lẹ́bàá Nsukka níbí, ìdàrọ́ irin ńláńlá kún ojúde ìlú títí di òní. Àwọn alágbẹ̀dẹ Awka náà lókìkí káàkiri. Kí ọmọ wa kankan má ṣe rò pé àwa nìkan la bí Ògún.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má bi ara yín pé èwo ló lágbára jù. Ẹ bi ara yín pé iṣẹ́ wo la fẹ́ fi ṣe. Irin ló yẹ òpó àti dẹ́kì, ṣùgbọ́n ẹ kùn ún lọ́dà, torí pé òjò ni ọ̀tá rẹ̀. Idẹ ló yẹ ẹnu ẹ̀rọ omi. Bàbà kò le tó irin, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó gbé iná mànàmáná dáadáa tó o nínú wọn. Ẹni tí ó bá lo wáyà àlùmíníọ̀mù tí wọ́n kàn fi bàbà bò, iná lè ti ibẹ̀ jó ilé onílé. Ẹni tí ó bá ra rọ́ọ̀dù tín-ín-rín níbi tí ayàwòrán ilé ti ní kó nípọn, ẹ̀mí èèyàn ni ó fi ń ṣòwò.

Ẹ̀yin tí ń ra àlòkù irin, a ní ẹ̀bẹ̀ kan fún yín. Owó idẹ lórí ìwọ̀n ju ti irin lọ, a mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ aláìmọ̀kan bá gbé ẹ̀gbà ọwọ́, ṣaworo tàbí ẹdan ìdílé wá, ẹ má dà á sínú iná. Ẹ pe àwọn àgbà kí wọ́n wò ó. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1979 kò gbà kí á máa ta ohun ìṣẹ̀ǹbáyé bẹ́ẹ̀ kiri. Ká ní ẹnì kan láàfin ti yọ́ ojú Ọbalùfọ̀n fi ṣe ìkòkò nígbà tí ebi ń pa á, kí ni à bá fi han àwọn ọmọ wa lónìí?

Ọ̀rànmíyàn fi irin gba ìtẹ́, a sì ń yìn ín. Aláyémọrẹ mọ bí a ṣe ń lu ohun méjì pọ̀ kí wọ́n lè di ọ̀kan, torí náà ni wọ́n ṣe pè é padà. Kí Elédùmarè jẹ́ kí àwa àti àwọn tó gbà wá lálejò máa gbé pọ̀ ní ìrẹ́pọ̀. Àṣẹ.