Nils Bohlin: Ọkùnrin tó ṣe bẹ́líìtì ọkọ̀ tí gbogbo ayé ń dè

Bí ẹ bá wọ mọ́tò, tí ẹ fa bẹ́líìtì láti èjìká wá sí ìbàdí, iṣẹ́ ọwọ́ Nils Bohlin lẹ dè mọ́ra yẹn.

Ìlú Härnösand lórílẹ̀-èdè Sweden ni wọ́n ti bí i lọ́jọ́ 17, oṣù Keje, ọdún 1920. Ilé-iṣẹ́ Saab ló ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, níbi tó ti ń ṣe àga tó máa ń ta awakọ̀ bàálù síta bí bàálù bá fẹ́ já.

Lọ́dún 1958, Volvo gbà á síṣẹ́ láti mójú tó ààbò inú ọkọ̀. Bẹ́líìtì ti wà ṣáájú o, àmọ́ èyí tó wọ́pọ̀ nígbà náà, ikùn nìkan ló ń dì mú. Bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, orí àti àyà á ṣì gbá síwájú, bẹ́líìtì ọ̀hún gan-an sì lè ṣe èèyàn léṣe nínú. Bohlin wá ṣe èyí tó gba èjìká àti ìbàdí, tí ẹnu ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó. Ọwọ́ kan péré lèèyàn máa fi dè é, torí ó mọ̀ pé ohun tó bá nira, aráyé ò ní lò ó.

Ọdún 1959 ni Volvo bẹ̀rẹ̀ sí í fi sínú ọkọ̀ wọn. Àwọn ló ni ín lábẹ́ òfin, síbẹ̀ wọ́n yọ̀ǹda ẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ yòókù láìgba kọ́bọ̀.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ò dè é. Lọ́dún 1967, Bohlin gbé ìwádìí jáde lórí ìjàǹbá ọkọ̀ 28,000. Kò sí ẹni tó de bẹ́líìtì tó kú níbi tí eré ọkọ̀ ò ti tó nǹkan bíi kìlómítà 95 ní wákàtí kan. Àwọn tí ò dè é kú, kódà nígbà tí ọkọ̀ rọra ń lọ.

Òfin ló wá parí iṣẹ́ náà. Ìpínlẹ̀ Victoria ní Ọsirélíà ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di dandan, lọ́dún 1970. Sweden ṣe tiẹ̀ lọ́dún 1975, Bìrìtìkó lọ́dún 1983. Ní Nàìjíríà níbí, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ló ń mú ẹni tí ò bá dè é.

Bohlin kú lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, lẹ́ni ọdún 82. Volvo ní bẹ́líìtì náà ti gba ẹ̀mí tó lé ní mílíọ̀nù kan là. Kódà nínú ọkọ̀ tó ń wa ara ẹ̀ láìsí dírẹ́bà, tó ti ń gbé èrò láwọn ìlú kan ní Amẹ́ríkà, bẹ́líìtì yìí náà ni wọ́n ṣì ń ní kí èrò dè.