Fáda Tansi

Ní ọdún 1903 ni a bí Iwene Tansi sí Aguleri ní ilẹ̀ Ìbò. Níbi eré ọmọdé ni ojú rẹ̀ kan ti fọ́. Síbẹ̀, ó tẹra mọ́ ẹ̀kọ́ títí ó fi di olùkọ́. Ní 1937, ó di àlùfáà ìjọ Àgùdà. Ní 1941, ó ṣe ìrìbọmi fún Francis Arinze, ọmọ ọdún 9, ẹni tí ó di Kádínà ní 1985. Ní 1950, ó fi ipò rẹ̀ sílẹ̀, ó wọ ilé àwọn mọ́ńkì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, ó sì ń gbàdúrà ní ìdákẹ́rọ́rọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ni ó kú sí ní 1964. Ní 1998, Póòpù John Paul Kejì wá sí ilẹ̀ wa, ó kà á mọ́ àwọn Ẹni Ìbùkún. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí ó fara pamọ́ sin Ọlọ́run kò sọnù.