OLÓÒGBÉ HERBERT MACAULAY: ẸNI TÍ Ó FI ÌWÉ JÀ FÚN ÌLÚ ÈKÓ

Nínú ìwé ìrántí bí irú èyí, ó yẹ kí á máa mẹ́nu ba àwọn àgbà tó ti kọjá lọ, kí àwọn ọmọ wa lè mọ ẹsẹ̀ tí wọ́n ń tọ̀. Ẹni tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe àjèjì. Àwòrán rẹ̀ ni wọ́n fi sára náírà kan oníbébà ní 1979, òun náà ló sì wà lára náírà kan onírin tó rọ́pò rẹ̀ ní 1991. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi àwọn ọ̀dọ́ wa pé kí ni bàbá onírunmú ńlá yẹn ṣe, wọn á ní ó jà fún òmìnira, ọ̀rọ̀ bùṣe. Òótọ́ ni, àmọ́ kò tíì tó. Kí ni ó fi jà? Kò ní ọmọ ogun, kò jọba, kò sì fìgbà kan jókòó ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Kálàmù àti tákàdá ni ó ní.

ÌDÍLÉ ÀTI Ẹ̀KỌ́ RẸ̀

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá ọdún 1864 ni wọ́n bí Ọláyínká Herbert Macaulay ní ìlú Èkó. Abigail ni orúkọ ìyá rẹ̀, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821 tí Ọlọ́run sì gbé ga. Ọdún 1864 yẹn gan-an ni wọ́n fi bàbá àgbà jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Àlùfáà Thomas Babington Macaulay ni bàbá rẹ̀, òun ló dá ilé-ìwé CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859. Bàbá yìí kú ní 1878, nígbà tí Herbert kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá.

Ní 1881 ó gba iṣẹ́ akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀nà àti ilé kíkọ́, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí P.W.D. Wọ́n rí i pé ọwọ́ rẹ̀ yá, orí rẹ̀ sì pé. Ní 1890 ìjọba rán an lọ sí ìlú Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà àti ilẹ̀ wíwọ̀n. Ó padà dé ní 1893, wọ́n sì fi í ṣe awọnlẹ̀ fún ilẹ̀ ìjọba ní Èkó. Ẹ̀yin ará, ẹ fojú inú wo bí ọ̀wọ̀ rẹ̀ yóò ti tó nígbà náà! Aláwọ̀ dúdú tó lọ sókè òkun, tó kọ́ iṣẹ́ ńlá, tó tún mọ fayólìn ta.

Ṣùgbọ́n ó rí i pé bí wọ́n ti ń ṣe sí òyìnbó kò dọ́gba pẹ̀lú bí wọ́n ti ń ṣe sí aláwọ̀ dúdú tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ní 1898 ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó dá dúró, ó ń wọnlẹ̀, ó ń ya àwòrán ilé fún àwọn ará ìlú. Iṣẹ́ yìí ló jẹ́ kí ó mọ ìdí ilẹ̀ Èkó dáadáa: ẹni tó ni ín, ẹni tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, àti ibi tí ìwé rẹ̀ wà.

ÀBÙKÙ TÓ BÁ A

A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Kò yẹ kí á fi eléyìí pamọ́, nítorí Ìwé Mímọ́ pàápàá kò fi ẹ̀ṣẹ̀ Dáfídì pamọ́. Ní 1913 wọ́n pè é lẹ́jọ́ pé ó ṣi owó ogún tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ ná. Ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi, ó sì lọ sẹ́wọ̀n. Ṣáájú èyí, láti 1908, ló ti ń kọ̀wé tú àṣírí bí àwọn òyìnbó ṣe ń ná owó rélùwéè, ó sì ń bá àwọn ará Èkó sọ̀rọ̀ lòdì sí owó omi tí ìjọba fẹ́ máa gbà lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ gbà pé ìjọba ti ń ṣọ́ ọ tipẹ́. Bó ti wù kó rí, ẹ̀wọ̀n yẹn di ògiri níwájú rẹ̀, nítorí òfin kò jẹ́ kí ẹni tó ti ṣe irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀ du ipò ìlú mọ́.

Ẹlòmíràn ìbá fi ìtìjú kúrò ní ìlú. Macaulay kò lọ síbì kankan. Bí wọn kò bá jẹ́ kí ó jókòó pẹ̀lú àwọn aṣòfin, ó lè jókòó ti tábìlì nílé rẹ̀, ilé tí wọ́n ń pè ní Kirsten Hall, kí ó sì máa kọ̀wé.

Ẹjọ́ ILẸ̀ ÀPÁPÁ

Ní 1913 yìí kan náà ni ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá. Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè onífìlà funfun, ní ilẹ̀ ìdílé òun ni. Ìjọba ní kì í ṣe òun ló ni ilẹ̀ ní tòótọ́, pé ìṣákọ́lẹ̀ nìkan ló tọ́ sí i, nítorí náà owó díẹ̀ ni wọ́n fẹ́ san. Àwọn ilé-ẹjọ́ ibí gbè sẹ́yìn ìjọba. Ni Olóyè Olúwa bá gbé ẹjọ́ náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, sí ìgbìmọ̀ tí àwọn lọ́yà ń pè ní Privy Council, níbi tí ẹjọ́ parí sí nígbà náà. Ní 1920 Macaulay bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀ rẹ̀.

Ní oṣù keje ọdún 1921 ni ìdájọ́ jáde. Ìgbìmọ̀ náà ní ilẹ̀ ìdílé ni, ilẹ̀ gbogbo ẹbí ni, àti pé bí ìjọba bá fẹ́ gbà á, kí ó san owó bí ẹni tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀ gan-an. £22,500 ni ìjọba san níkẹyìn. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ńlá nìyẹn! Kì í ṣe Àpápá nìkan ni ìdájọ́ yìí ràn lọ́wọ́. Àwọn lọ́yà ṣì ń tọ́ka sí i títí di òní nínú ẹjọ́ ilẹ̀ ìdílé.

Ọ̀RỌ̀ ỌBA ÈṢÙGBÀYÍ ELÉKÒÓ

Nígbà tí Macaulay ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí Elékòó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ fún àwọn oníwèé ìròyìn níbẹ̀ bí ipò ọba náà ṣe ga tó, àti bí ìjọba kò ṣe mú ìlérí tó ṣe fún ìdílé Dòsùnmú ṣẹ. Inú bí ìjọba. Wọ́n ní kí ọba rán akígbe káàkiri ìlú láti sọ pé òun kò mọ̀ sí ọ̀rọ̀ Macaulay. Ọba kọ̀. Ní ìparí 1920 ìjọba ní àwọn kò kà á sí ọba mọ́. Macaulay kò dákẹ́. Ní 1921 ó tẹ ìwé kan jáde tí ó pè ní Justitia Fiat, nípa ohun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jẹ ìdílé Dòsùnmú.

Ní 1925 wọ́n yọ ọba lóyè, wọ́n sì gbé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi ṣe ẹjọ́ rẹ̀, Macaulay sì wà nídìí ẹjọ́ náà látòkèdélẹ̀. Ní 1931 Privy Council sọ ọ́ kedere pé ìjọba kò lè gba òmìnira ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ó fi hàn níwájú adájọ́ pé òfin fún òun láyè. Gómìnà tuntun, Donald Cameron, jẹ́ kí Ọba Èṣùgbàyí padà sílé lọ́dún náà. Ọba wàjà ní 1932, ṣùgbọ́n nílé rẹ̀ ló wàjà sí.

ẸGBẸ́ ÒṢÈLÚ ÀTI ÌWÉ ÌRÒYÌN

Òfin tuntun ti Gómìnà Clifford ní 1922 fún àwọn ará Èkó ní ààyè mẹ́ta láti dìbò yàn ní ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ọkùnrin tó bá ń rí £100 lọ́dún nìkan ló lè dìbò. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹfà 1923, Macaulay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ NNDP sílẹ̀. Ààyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ́ sí wọn lọ́wọ́ lọ́dún náà: Egerton Shyngle, Eric Moore, àti Dókítà Adéníyì-Jones. Ẹni tó kó wọn jọ kò lè bá wọn wọlé, nítorí ẹ̀wọ̀n ọjọ́sí. Ìta ló dúró sí.

Àwọn tí kò lè dìbò náà sì fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn ìyá ọlọ́jà Èkó, tí Àlímọ́tù Pẹlẹ́wúrà jẹ́ olórí wọn, wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbáágbá, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ìlú. Ọmọ-ọmọ bíṣọ́ọ̀bù ni, ṣùgbọ́n kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tó ti ń jọ́sìn kó tó bá a kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba.

Ẹní bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ní 1927 òun àti Dókítà Caulcrick ra ìwé ìròyìn Lagos Daily News. Ojoojúmọ́ ni ó ń jáde, ojoojúmọ́ sì ni ìjọba ń kà á. Ní 1928 ìwé ìròyìn náà gbé ìròyìn kan jáde pé àwọn kan ń dìtẹ̀ láti pa Ọba Èṣùgbàyí. Kò rí ẹ̀rí rẹ̀ fi múlẹ̀. Ilé-ẹjọ́ tún rán Macaulay lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, òun tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀ fún gbogbo àwa tí a ń kọ̀wé: ohun tí a gbọ́ lẹ́nu lásán kò tó kọ sílẹ̀.

ỌJỌ́ ALẸ́ RẸ̀

Ní 1938 àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ Nigerian Youth Movement borí ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìbò. Àwọn èèyàn rò pé ọjọ́ bàbá ti lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ NCNC sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1944, òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ, Nnamdi Azikiwe sì jẹ́ akọ̀wé. Ó kù díẹ̀ kí ó pé ẹni ọgọ́rin ọdún nígbà náà. Ní 1946 ẹgbẹ́ náà ń rìn káàkiri orílẹ̀-èdè lòdì sí òfin Gómìnà Richards. Bàbá kò ní kí àwọn ọmọdé máa lọ kí òun sinmi. Kánò ni àìsàn ti mú un, wọ́n gbé e padà wá sí Èkó, ibẹ̀ ló sì kú sí ní ọjọ́ keje oṣù karùn-ún 1946. Itẹ́ òkú Ìkòyí ni wọ́n sin ín sí.

ÀWỌN ÌWÉ TÓ FI SÍLẸ̀

Ó ku ibì kan, òun gan-an ló sì mú wa kọ gbogbo èyí. Macaulay kì í da ìwé nù. Lẹ́tà tó kọ, lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i, ìwé ẹ̀bẹ̀ sí gómìnà, ìwé ẹgbẹ́, ìwé ẹjọ́, ohun tó gé nínú ìwé ìròyìn, gbogbo rẹ̀ ló ń tọ́jú. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ wọ́n kó àwọn ìwé náà lọ sí ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn. Inú wọn ni àwọn onímọ̀ ìtàn bíi Tekena Tamuno àti Patrick Cole ti rí ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ àti nípa Èkó.

Ẹ jẹ́ kí á rò ó wò. Ká ní kò kọ nǹkan sílẹ̀, ìwé ìjọba nìkan ni ì bá ṣẹ́ kù, inú ìwé ìjọba sì rèé, arúfin ni, ẹlẹ́wọ̀n ni. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó tọ́jú ìwé tirẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe ìdájọ́ lè gbọ́ ẹnu ìhà méjèèjì. Ọba, ìjòyè, ìyá ọlọ́jà, ohùn wọn ṣì wà nínú páálí wọ̀nyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ lọ wo inú àpótí bàbá yín kí ẹ tó da ohun tó wà níbẹ̀ sínú iná. Ìwé ilẹ̀, lẹ́tà àtijọ́, rìsíìtì, ìwé ìpàdé ẹbí àti ti ìjọ, ẹ fi wọ́n sí ibi tí òjò àti ikán kò ti ní dé. Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn yóò jẹ́rìí fún ọmọ yín níwájú adájọ́. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ tiwa náà ṣeé kà lẹ́yìn wa. Àmín.