Shankara àti Ọ̀rọ̀ Àyálò

Shankara la mú wá lónìí. Kerala ní Íńdíà ni wọ́n ní wọ́n ti bí i; nǹkan bí ọ̀rúndún 8 ló gbé ayé. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní ènìyàn kò ní ẹ̀mí kan tí kì í yí padà. Shankara, àgbà Vedanta, bá wọn jiyàn gidi: ẹ̀mí náà wà, òun sì ni Brahman, ìpìlẹ̀ ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n Gaudapada, tí wọ́n ní ó kọ́ olùkọ́ rẹ̀, ti yá ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wọn lò. Lẹ́yìn ikú Shankara, àwọn ọmọ Vedanta mìíràn fi í sùn pé ẹlẹ́sìn Búdà tó fara pamọ́ ni.

Àwa kò gbà. Lójoojúmọ́ ni à ń fi ọ̀rọ̀ Faransé há Yorùbá wa ní Àjàṣẹ́, a kò sì di Faransé. Ẹni tó yá ìkòkò aládùúgbò, ọbẹ̀ tirẹ̀ ló fi sè.