Béhanzin, ọba tí ó bá Faransé jà

Kí Béhanzin tó jọba ní Dànhọmẹ̀, Kondo ni orúkọ rẹ̀. Glẹlẹ ni bàbá rẹ̀, Gezo sì ni bàbá bàbá rẹ̀. Nígbà tí Glẹlẹ wàjà ní ìparí ọdún 1889, Kondo gorí ìtẹ́ ní Agbómẹ̀. Ó fi ekurá ṣe àmì oyè rẹ̀, èyíinì ni ẹja òkun tí eyín rẹ̀ mú bí ayùn. Etí òkun ni ó fẹ́ ṣọ́.

Àwa ọmọ Yorùbá kò lè gbọ́ orúkọ ìdílé yìí kí a má rántí Kétu, tí ogun Glẹlẹ fọ́ ní 1886, tí a sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ lẹ́rú. A kò gbàgbé. Ṣùgbọ́n ìgboyà ọmọ rẹ̀ níwájú Faransé kò ṣe é fi pamọ́.

Kútọnu ni ìjà bẹ̀rẹ̀ lé lórí. Faransé ní àdéhùn 1868 àti ti 1878 ti fi ilẹ̀ náà fún àwọn; ààfin Agbómẹ̀ ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1890, Faransé mú àwọn ìjòyè Dànhọmẹ̀ tí ó wà ní Kútọnu. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta, kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọmọ ogun ọba, lọ́kùnrin lóbìnrin, kọ lu odi Faransé. Ẹ̀yin ará Gbégamey, ibẹ̀ kò jìnnà sí yín rárá. Wọ́n jà fún wákàtí púpọ̀, ṣùgbọ́n ìbọn Faransé lé wọn sẹ́yìn. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin, wọ́n tún pàdé ní Atchoupa, lẹ́bàá Àjàṣẹ́, níbi tí ọba Tofa ti gbè sẹ́yìn Faransé. Ní oṣù kẹwàá wọ́n ṣe àdéhùn: Faransé yóò wà ní Kútọnu, yóò sì máa san 20.000 fráǹkì fún ọba lọ́dọọdún.

Àlàáfíà náà kò pẹ́. Béhanzin ra ìbọn tuntun lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Jámánì. Ní 1892 àwọn ọmọ ogun rẹ̀ yìnbọn sí ọkọ̀ ojú omi Victor Ballot, aṣojú Faransé, lórí odò Wẹmẹ̀. Faransé rán Dodds, ọ̀gágun tí a bí ní Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gà, pẹ̀lú ọmọ ogun tí ó lé ní 2.000. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú bíi tiwa.

Wọ́n tọ ipa odò gòkè. Ní Dogba, ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án, Dànhọmẹ̀ kọ lu àgọ́ wọn ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ọ̀gágun Faurax sì fara gbọgbẹ́ tí ó pa á. Poguessa tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá, lẹ́yìn náà Adégon ní ọjọ́ 6. Ní Adégon ni ẹ̀yìn Dànhọmẹ̀ ti kan ilẹ̀. Ìbọn Faransé ń yìn léraléra, kò sì ní èéfín tí ó lè fi ibi tí ayìnbọn wà hàn. Bí a bá súnmọ́ wọn, ọ̀bẹ tí wọ́n fi sí ẹnu ìbọn gùn ju àdá lọ. Àwọn obìnrin ológun kú lọ́pọ̀lọpọ̀ níbẹ̀.

Síbẹ̀ Faransé náà jìyà. Lẹ́bàá odò Koto, òùngbẹ àti àìsàn fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wọn dúró, débi pé wọ́n pe àgọ́ wọn ní àgọ́ òùngbẹ. Ṣùgbọ́n Kana ṣubú ní oṣù kọkànlá. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà wọ́n wọ Agbómẹ̀, iná tí ọba fúnra rẹ̀ ní kí a ti bọ ààfin ni wọ́n bá.

Ó lé ní ọdún kan tí Béhanzin fi sá pamọ́ sí àríwá Agbómẹ̀. Faransé fi Agoli-Agbo jọba. Ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1894 ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ó ń retí pé òun yóò bá olórí Faransé sọ̀rọ̀. Erékùṣù Martinique ni wọ́n gbé e lọ. Napoleon, ọba Faransé ìgbà kan, ti kú sí ìgbèkùn lórí erékùṣù bẹ́ẹ̀ ní 1821, nítorí náà wọ́n mọ ohun tí ó túmọ̀ sí. Ní 1906 wọ́n mú Béhanzin dé Àlùjẹ́ríà, ó sì kú síbẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá. Ouanilo ọmọ rẹ̀ ló gbé òkú rẹ̀ wá sílé ní 1928.

Àwọn ìtẹ́ àti ère tí Dodds kó ní ààfin wà ní Paris títí di oṣù kọkànlá ọdún 2021, nígbà tí 26 nínú wọn padà dé Kútọnu. Ère Béhanzin, tí ó jẹ́ ìdajì ènìyàn, ìdajì ekurá, wà lára wọn.