Tete-Ansa àti Kòkó Ilẹ̀ Méjì

Bí ènìyàn bá dúró létí òkun Jamestown ní Accra ní nǹkan bí 1925, àpò kòkó ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ rí. Ọkọ̀ ńlá kò lè súnmọ́ èbúté náà. Ọ̀ọ́kán ni í dúró sí, àwọn atukọ̀ a sì fi ọkọ̀ kékeré la ìgbì kọjá láti gbé ẹrù bá a. Làálàá ibẹ̀ jẹ́ ti ènìyàn dúdú. Iye owó kòkó, ilé-iṣẹ́ òyìnbó ni ó ń dá a.

Èyí ni ó dun Ọ̀gbẹ́ni Winifried Tete-Ansa, ọmọ ilẹ̀ Krobo. Ní 1928, ó dá West African Co-operative Producers sílẹ̀, kí àwọn àgbẹ̀ Gold Coast, tí í ṣe Gánà lónìí, àti àwọn ti Nàìjíríà lè jùmọ̀ ta kòkó wọn. Ní ọdún kejì, àwọn olùrà pàápàá so pọ̀: ilé-iṣẹ́ ńlá méjì di ọ̀kan, a sì ń pè é ní United Africa Company.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìṣòro rẹ̀ dáadáa. Àgbẹ̀ ti jẹ gbèsè kí kòkó tó pọ́n. Ọjọ́ tí ó bá gbé àpò rẹ̀ wá ni ó fẹ́ gba owó. Ẹni tí yóò rà á ní Amẹ́ríkà kò ní í sanwó títí ọkọ̀ yóò fi dé ọ̀hún. Ta ni yóò gbé owó sílẹ̀ láàárín? Àwọn báńkì òyìnbó kì í fẹ́ yá oníṣòwò dúdú lówó. Nítorí náà ni Tete-Ansa fi gbé Industrial and Commercial Bank kalẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, tí ó sì dá West African American Corporation sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kí ó máa bá wọn tajà níbẹ̀. Àgbẹ̀, báńkì, ọjà: ìdáná ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ní 1930 ó tẹ ìwé kan jáde ní New York, *Africa at Work*.

Ọdún náà gan-an ni báńkì rẹ̀ fọ́. Owó kòkó ti já wálẹ̀ lẹ́yìn ìdàrúdàpọ̀ ọjà New York ní oṣù kẹwàá 1929. Àwa kò ní í tìtorí ìfẹ́ orílẹ̀-èdè sọ pé òyìnbó nìkan ni ó jẹ̀bi: ìwé ìṣirò báńkì náà kò gún, àbójútó rẹ̀ kò sì tó. Nígbà tí ẹsẹ̀ kan yẹ̀, ìkòkò dànù. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast fi kòkó wọn pamọ́ ní 1930, wọn kò fẹ́ tà. Ṣùgbọ́n ebi kò jẹ́ kí wọ́n pẹ́ níbẹ̀.

Tete-Ansa kò jáwọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ Nigerian Mercantile Bank ní 1931. Òun náà kógbá sílé ní 1936. Kí ó tó di ìgbà náà, Dókítà Akinọla Maja, T. A. Doherty àti H. A. Subair ti dá National Bank of Nigeria sílẹ̀ l'Ékòó ní 1933. Èyí dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní 1937, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó fohùn ṣọ̀kan lórí iye tí wọn yóò máa ra kòkó. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast tún kọ̀ láti tà, wọ́n sì fara dà á wọ inú 1938. Ní gbogbo oṣù wọ̀nyí, inú abà ni kòkó wà. Ọkọ̀ kékeré Jamestown kò rí ẹrù tó bẹ́ẹ̀ gbé.