Alois Alzheimer, Dókítà Tó Wádìí Àrùn Ìgbàgbé

Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹfà, ọdún 1864, wọ́n bí ọmọkùnrin kan ní Marktbreit, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Jámánì. Wọ́n sọ ọ́ ní Alois. Alzheimer ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ó sì gba oyè dókítà ní ọdún 1887.

Ní ọdún 1888, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní ìlú Frankfurt. Ó máa ń jókòó ti àwọn aláìsàn, ó sì máa ń bá wọn sọ̀rọ̀. Bí aláìsàn bá kú, ó máa ń fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò. Ó fẹ́ mọ ohun tó ba ọpọlọ náà jẹ́.

Ní ọdún 1901, Cecilie aya rẹ̀ kú, ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ fún un. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n gbé obìnrin kan wá sí ilé ìwòsàn. Auguste Deter ni orúkọ rẹ̀, ẹni ọdún 51 ni. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni ọkọ rẹ̀.

Kí ló ṣe obìnrin yìí? Ó ń gbàgbé nǹkan. Oúnjẹ sísè ti di ìṣòro fún un. Ó ń kó ẹrù ilé pamọ́ káàkiri. Ó ń fura sí ọkọ rẹ̀ láìnídìí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ó máa ń kígbe. Ọkọ rẹ̀ kò mọ ohun tí òun lè ṣe mọ́.

Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọjọ́ ogbó nìkan ló ń mú kí ènìyàn máa ṣarán. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún 51 kì í ṣe arúgbó. Dókítà Alzheimer jókòó tì í, ó ń bi í ní ìbéèrè. Ó bi í ní orúkọ rẹ̀. Auguste, ni ó dáhùn. Ó bi í ní orúkọ ọkọ rẹ̀. Auguste kan náà ló tún dáhùn. Ó ń jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lọ́wọ́ nígbà kan, ó ní ẹ̀fọ́ ni òun ń jẹ. Dókítà fi kọ́kọ́rọ́ àti pẹ́ńsù hàn án. Ó mọ orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, kò rántí ohun tí wọ́n fi hàn án. Ó ní kí ó kọ orúkọ rẹ̀, kò lè kọ ọ́ parí. Gbogbo ìdáhùn rẹ̀ ni dókítà kọ sílẹ̀.

Ní ọdún 1903, dókítà kúrò ní Frankfurt. Kò pẹ́ tó fi dé ìlú Munich, ṣùgbọ́n kò gbàgbé obìnrin náà. Nígbà tí obìnrin náà kú ní oṣù kẹrin ọdún 1906, wọ́n fi ọpọlọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí dókítà. Ó rí i pé ọpọlọ náà ti joro. Ó rí ohun kan tó dì káàkiri inú rẹ̀, ó sì rí ohun bí okùn tó lọ́ pọ̀. Ó ti wá hàn pé àrùn ni.

Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ó ṣàlàyé ohun tó rí fún àwọn dókítà ní Tübingen. Kò sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè kan. Síbẹ̀, kò jẹ́ kó sú òun. Ní ọdún 1910, Emil Kraepelin, ọ̀gá rẹ̀, fi orúkọ Alzheimer pe àrùn náà nínú ìwé rẹ̀.

Ọmọ Áfíríkà kan bá a ṣiṣẹ́ ní Munich ní ọdún 1904 sí 1905. Solomon Carter Fuller ni, ẹni tí wọ́n bí ní Monrovia, ní Làìbéríà. Ó padà sí Amẹ́ríkà, ó sì ń bá ìwádìí àrùn náà lọ níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 19, oṣù kejìlá, ọdún 1915, Dókítà Alzheimer kú. Ẹni ọdún 51 ni òun náà. Wọ́n sin ín sí Frankfurt, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aya rẹ̀.

Títí di òní, ìbéèrè ni dókítà fi ń bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ìgbàgbé. Ọjọ́ wo la wà? Ibo la wà? Kí ni mo ní kí ẹ rántí? Lẹ́yìn náà ni wọ́n máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, tí wọ́n sì máa ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú orí níbi tí ẹ̀rọ náà bá wà. Ìdí ni pé kì í ṣe àrùn kan ṣoṣo ló ń fa ìgbàgbé. Ẹ̀jẹ̀ tó dì lè dí iṣan inú ọpọlọ. Bí arúgbó bá ṣubú tó fi orí gbálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dà sábẹ́ agbárí, kí ó sì máa tẹ ọpọlọ. Bí wọ́n bá tètè rí i, dókítà lè fa ẹ̀jẹ̀ náà jáde, kí iyè aláìsàn sì tún sọ.

Àrùn Alzheimer fúnra rẹ̀ kò tíì ní oògùn tó lè wò ó sàn pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣe é kì í ṣe àjẹ́, kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bí ìyá tàbí bàbá wa bá ń ṣì wá mọ̀, tí kò mọ ọ̀nà ilé mọ́, ẹ má nà án, ẹ má tì í mọ́lé. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò.